Málọmọ́ Abẹ́ Yanrìn

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà wá pè mí ní ọ̀mọ̀wé lẹ́yìn ọ̀la. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹja kò kọjá inú ọbẹ̀: kí egungun rẹ̀ má há mi lọ́fun, kí ata rẹ̀ sì ta dáadáa. Ọ̀rọ̀ òkun ńkọ́? Ẹ bi apẹja. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ńkọ́? Ẹ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n aláìmọ̀kan náà ní etí, ohun tí etí tèmi gbọ́ rèé.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Iṣẹ́ atukọ̀ ló ṣe jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ ojú omi tó ga ju ilé alájà lọ, òun ni yóò gun orí rẹ̀, tí yóò fi ọgbọ́n darí rẹ̀ wọ èbúté, kí ó má baà lọ fi ìdí jókòó lórí yanrìn. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń sá fún yanrìn. Ẹ wá wo eré tí Ọlọ́run fi í ṣe: nígbà tó dàgbà, ìdí yanrìn ló wá ń jókòó sí láàárọ̀ àti lálẹ́, nínú pálọ̀ ara rẹ̀.

Ìdí ni pé àpótí gíláàsì kan wà nínú pálọ̀ náà, ó gùn bíi pósí, omi òkun sì kún inú rẹ̀. Yanrìn wà nísàlẹ̀, òkúta òkun wà lórí yanrìn, ẹja ń lọ ń bọ̀ láàárín wọn. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ló tò ó, òun ló sì tọ́jú rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí obìnrin náà kú, gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ di ohun tí kò lè mí: aṣọ nínú àpótí, bàtà lábẹ́ ibùsùn, àwòrán lára ògiri. Inú gíláàsì yẹn nìkan ni ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bọ́ ti ṣì ń mí.

Ẹja pupa méjì tó ní ìlà funfun wà níbẹ̀, àti ọ̀kan tí kò jọ ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ ara rẹ̀ tutù bí ewé kókò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ìlà tó ń dán bíi góòlù sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní ìwà kan. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tàbí bí nǹkan bá dẹ́rù bà á, yóò fi orí sọ yanrìn, yóò sì wọ inú rẹ̀ pátá, ìrù pàápàá kò ní ṣẹ́ kù síta. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe é, ìyàwó atukọ̀ sunkún pé ó ti kú. Ó jáde. Ó tún lọ. Ó tún dé. Bí wọ́n ṣe fún un lórúkọ tí à ń fún ọmọ tó ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn: Málọmọ́. Wọ́n sọ ẹja lórúkọ. Ẹni tó bá ti jẹun yó, kí ló kù tí kò ní ṣe?

Ọkùnrin yìí dá gbé títí àwọn ẹbí fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó fẹ́ obìnrin mìíràn. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ni, ará ìlú òkè, níbi tí àpáta pọ̀ sí tí òkun ò sí. Obìnrin gidi ni, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ìmọ́tótó rẹ̀ nìkan ló le jù. Wọ́n ní nínú wọ́ọ̀dù tó ti ń ṣe olórí, àìsàn pàápàá máa ń nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá sílé ọkọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àgbà obìnrin ni, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Igbá omi tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mọ àṣà yìí: ìyàwó kì í tẹ ilé kí wọ́n tó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbà náà bẹ̀rẹ̀, ó fọ ọ̀kan, ó fọ èkejì, ó rọra ń ṣe é bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun, àwọn tó dúró ti í sì ń ṣe àdúrà pé kí ẹsẹ̀ náà tu ilé lára. Omi tó ń kán sílẹ̀ pọ́n fún eruku ọ̀nà. Ìyàwó wò ó, ojú tì í, òun tó wẹ̀ tó tún wẹ̀ kó tó kúrò nílé bàbá rẹ̀. Àgbà náà rí i.

Ó ní, "Má jẹ́ kó dùn ẹ́. Kò sẹ́ni tó rìn tí kò kó eruku."

Wọ́n da omi náà sí àgbàlá. Ìyàwó wọlé, ó sì gbàgbé rẹ̀.

Ohun gbogbo nínú ilé náà ló wù ú àfi yanrìn. Yanrìn náà ti pọ́n bí èlùbọ́. Bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, ìlà dúdú gba àárín rẹ̀ kọjá, nǹkan tútù bí ewé inú odò lẹ̀ mọ́ ọn níhìn-ín lọ́hùn-ún. Àwọn obìnrin ìjọ wá kí i kú ilé tuntun. Wọ́n wo gíláàsì, wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn ẹja yìí mà lẹ́wà o, ó wá fi kún un pé ó ṣeni láàánú pé inú gọ́tà ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ ni gbogbo ẹ̀fọn àdúgbò ti ń bímọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wọ ìyàwó létí, kò sì jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ Málọmọ́ tún wà ńlẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìyàwó ti dé, kò fojú kàn án rí. Ọkọ á ní, "Ó jáde láàárọ̀, o ti lọ síbi iṣẹ́ ni." Ọkọ á ní, "Ó wà níhìn-ín nísinsìnyí, òjìji rẹ ló rí tó fi wọlẹ̀." Ìyàwó á mi orí. Ó ti rí irú èyí rí lẹ́nu iṣẹ́: àwọn ẹbí aláìsàn tí í dúró ti ibùsùn òfìfo, tí wọ́n ń béèrè bóyá aláìsàn lọ wẹ̀ ni. Ó pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹja náà ti kú tipẹ́, àti pé ẹni tó ti sin ìyàwó kò ní agbára láti tún sin ẹja. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é.

Nígbà tó sọ fún ọkọ pé òun fẹ́ pààrọ̀ yanrìn yẹn, ọkùnrin náà yíjú sí gíláàsì.

"Ilé yìí, tìrẹ ni," ó ní. "Ohun tó bá wù ẹ́ nínú rẹ̀, pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ ẹ́: má jẹ́ kí Málọmọ́ kú."

Ìyàwó gbà. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń béèrè bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀mí ohun tó ti kú sí.

Ó jáde lọ wá yanrìn. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù fi yanrìn odò hàn án, wọ́n ní òun ni wọ́n fi kọ́ ilé ìjọsìn alájà tó wà níkòríta, tí kò tíì wó. Kí ni ẹja fẹ́ sọ sí i? Ó dé etí òkun, ó bu ti ibẹ̀ sọ́wọ́, ó tún rántí ohun tí àwọn ará àdúgbò máa ń lọ fi yanrìn bò níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó dà á nù, ó nu ọwọ́. Níkẹyìn ó bọ́ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò ẹja nínú ìlú ńlá. Ìyẹn náà kò lè ta ṣíbí kó má wàásù. Ó ní yanrìn odò, ọmọ òkúta ni, kò ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá òkun sọ. Ṣùgbọ́n èyí tí a lọ̀ láti ara ìkarawun àti òkúta òkun, inú òkun ló ti wá, ó mọ omi ilé rẹ̀. Yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, yóò máa fi agbára fún omi kí omi má baà kan. Kí ó má rí ṣákaṣàka, kí ó má baà ha ikùn ẹja. Kí ó má kúnná jù, kí ó má baà máa fò kiri. Kí wọ́n fọ tuntun títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kó tó wọlé. Kí wọ́n má sì kó ògbólógbòó dànù tán. Kí wọ́n jẹ́ kí ó dà pọ̀ mọ́ tuntun.

Ìyàwó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni ń yan ẹran nínú ọbẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń gba ìmọ̀ràn; èyí tó wù wá là ń bù. Nígbà tó délé tó ya ọ̀rá yanrìn tuntun náà, funfun rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n fẹ́ fọ̀ lára èyí. Ó yíjú sí ti inú gíláàsì. Èyí ló yẹ kí wọ́n fọ̀. Bí ó bá ti di dandan pé kí díẹ̀ nínú rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ funfun, ṣé ó yẹ kó bá ìdọ̀tí rẹ̀ wọlé ni? Èrò náà gún régé. Ẹ má rẹ́rìn-ín; ẹ̀yin náà ì bá rò ó bẹ́ẹ̀.

Ọkọ rìnrìn àjò lọ sí ìpàdé àwọn atukọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, níbi tí àwọn àgbààgbà ọkùnrin ti máa ń jókòó pa irọ́ ìjì fún ara wọn. Kò tíì jìnnà tí ìyàwó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó kó àwọn ẹja pupa sínú korobá pẹ̀lú omi wọn. Ó gbé òkúta kọ̀ọ̀kan, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí Málọmọ́. Ó ní kí Ọlọ́run tu ọkọ òun nínú.

Ó wá fi ife ń bu yanrìn, tòun ti omi òkun, sínú báàfù ńlá méjì. Nígbà tó kan ìlà dúdú yẹn, òórùn ẹyin jíjẹrà sọ. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ dùn sí òórùn náà. Kò sí ohun tó dùn mọ́ wa tó kí ohun tí a kórìíra máa rùn. Ó da yanrìn tuntun sínú àpótí gíláàsì, láìfọ̀ ọ́. Lẹ́sẹ̀kan náà omi di ògì. Ó na ọwọ́ sínú rẹ̀, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ó ní yóò tòrò tó bá yá.

Ó wọ́ báàfù méjèèjì lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi ní àgbàlá. Ó kọjú sí èkíní. Ó da omi ẹ̀rọ sí i, ó wọ́n ọṣẹ ìfọṣọ sí i, ó fi ọwọ́ bó o bí ẹni ń bó ẹ̀wà. Ó dà á nù, ó tún bó o, ó tún dà á nù, títí omi fi mọ́ lórí yanrìn náà.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ bá a. Àgbà náà gba ẹ̀yìn wọlé, ìyàwó kúnlẹ̀ kí i, àgbà jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó. Wíwò náà pẹ́.

"Ìyàwó wa, kí ni yanrìn ṣe tó fi ń jẹ ọṣẹ?"

"Ó dọ̀tí ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Yanrìn dọ̀tí. Ó dáa. Tí o bá ti parí èyí, ilẹ̀ àgbàlá wà níbẹ̀, ó ti ń retí ẹ."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó fa báàfù kejì sábẹ́ ẹ̀rọ. Oòrùn ti ń wò ó láti ìgbà yìí. Yanrìn inú rẹ̀ ti jókòó, omi òkun tó wà lórí rẹ̀ ti mọ́ lóló. Ó na ọwọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ láti ṣí i. Yanrìn náà sì mí.

Ó rò pé ojú òun ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ihò kan tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ ṣí, ó pa dé. Láti inú òmíràn, nǹkan kan tó pọ́n tó sì tín-ínrín bí òwú yọ jáde, ó fi ara wá ọ̀nà yí ká, ó lá ẹyọ yanrìn kan, ó padà sínú ilé. Ó rí ọ̀kan sí i. Ó rí òmíràn. Lẹ́yìn náà ó rí i pé wọ́n pọ̀. Nígbà tó sì tẹjú mọ́ ọn dáadáa, ó rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ bí kò ṣe wọn. Ìgbín wà níbẹ̀ tí kò tó hóró ọkà bàbà, ó gbé ilé rẹ̀ pọ̀n. Àwọn kan wà tí apá wọn rí bí irun orí ọmọ ìkókó, wọ́n ń fi í táràrà bí afọ́jú tó ń wá ògiri. Àwọn mìíràn mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ inú wọn ń hàn síta. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jókòó lásán. Ohun tí ẹja jẹ kù, wọ́n ń jẹ ẹ́. Ohun tí ẹja yà, wọ́n ń kó o. Ohun tí ọ̀kan bá jù sílẹ̀, òmíràn á gbé e. Kò sí ariwo, kò sí olórí, ẹnikẹ́ni ò kí wọn kú iṣẹ́ rí.

Obìnrin tó rò pé òun nìkan ló mọ́ nínú ilé wá rí i pé àwọn agbálẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí òun tó dé, wọn ò sì sinmi rí. Ohun tó ń pè ní ìdọ̀tí, àwọn agbálẹ̀ ni.

Ó yíjú sí báàfù èkíní. Yanrìn ibẹ̀ mọ́, ó ń dán nínú oòrùn, kò sì sí ohun tó mira nínú rẹ̀. Lójú ọ̀nà tí omi ọṣẹ gbà lọ, nǹkan kan lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, ó dà bí èèrí ọkà. Nọ́ọ̀sì ni. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ẹnikẹ́ni ò sọ àwọn yẹn lórúkọ rí, nítorí náà kò sẹ́ni tí yóò sunkún wọn, àfi òun.

Ibi tó ti ń wò wọ́n ló wà tí àárín báàfù kejì fi wú díẹ̀díẹ̀, bí ebè tí iṣu ń ta nínú rẹ̀. Ó sán. Ojú kan yọ. Orí tútù bí ewé kókò tẹ̀lé e, góòlù rẹ̀ sì gba oòrùn. Ẹja náà jáde dé ìdajì ara, ó dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí lọ, ó yí bọ̀, ó sì dúró lórí obìnrin náà.

Ọwọ́ ìyàwó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ì bá ti ṣí i.

Ẹni tó ti gba ọmọ lóríṣiríṣi sílé ayé, tó sì ti pa ojú òkú dé láìgbọ̀n, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níwájú ẹja tí kò gùn tó ìka rẹ̀ méjì, ẹnu rẹ̀ ò sì lè pa dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ dìde, ó wá wo ohun tó ń wò. Àwọn tó mọ àgbà yẹn ní ìyẹn nìkan ni ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé ohùn rẹ̀ wálẹ̀. 

"Ó ti rí ẹ," ó ní. "Kò sì wọlẹ̀."

Ìyàwó yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ó dìde. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, nínú omi tó ti pọ́n. Ó wò ó pẹ́.

Iṣẹ́ yí padà lọ́jọ́ náà. Ó kó funfun tó ti dà sínú àpótí kúrò, ó da omi ògì yẹn nù, àwọn apẹja sì bá a bu omi òkun tuntun wá láti ibi tí ìgbì ò dé. Báàfù kejì ló kọ́kọ́ padà sílé, ó rọra bù ú bí ẹni ń gbé ọmọ tó ń sùn. Àwọn ẹja pupa tẹ̀lé e láti inú korobá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ níwájú yanrìn funfun tó ti mọ́ ọn lójú, tó fi omi sí i. Omi náà jáde bí ògì. Ó fọ̀ ọ́ sí i, ó tún jáde bí ògì. Ẹnu yà á pé ohun tó funfun tó báyìí lè gbé eruku tó báyìí. Ó ń fọ̀ ọ́ lọ, títí omi fi mọ́. Ó sì bu díẹ̀ sí igun kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó, ó fi ìyókù sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ọkọ dé. Gíláàsì ṣì ṣú díẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò lọ́wọ́.

"Málọmọ́ ńkọ́?"

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Ó wà. Mo ti rí i. Òun náà ti rí mi."

Ọkùnrin náà gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kò béèrè ọ̀rọ̀ yanrìn títí oúnjẹ fi délẹ̀, àti pé nígbà tó béèrè, ìyàwó rò ó fún un látòkèdélẹ̀, kò yọ ọ̀kan kúrò.

Funfun náà kò funfun pẹ́. Àwọn tó dà bí òwú kọjá sínú rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ilé, ó sì pọ́n bí èlùbọ́ bíi ti àtijọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó wọ pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, Málọmọ́ sì ń rìn kiri níwájú gíláàsì. Òjìji rẹ̀ bọ́ sórí omi. Ẹja náà ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Obìnrin náà pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn obìnrin ìjọ tún wá, ẹni ọjọ́sí tún mẹ́nu ba gọ́tà. Ìyàwó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, ó ní kó sún mọ́ gíláàsì kó wò ó dáadáa.

Ìwọ ni mò ń bá wí. Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé ibi tí àwọn èèyàn ti wà kí o tó dé. Bóyá ilé ọkọ ni, bóyá ọ́fíìsì ni, bóyá ìjọ tí wọ́n fi ọ́ ṣe olórí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Ife ti wà lọ́wọ́ rẹ, o ti ń bù. O ní ibẹ̀ ń rùn, bóyá òótọ́ ni. O ní ẹnì kan wà tí wọ́n máa ń dárúkọ, tí ìwọ ò rí i kó ṣe nǹkan kan láti ọjọ́ tí o ti dé. O ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Èmi ò sọ pé kí o má pààrọ̀ nǹkan. Ta ni mo jẹ́? Mo ti sọ níbẹ̀rẹ̀ pé n ò mọ nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o rán mi létí, torí ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti wo ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ tí o dé, tí wọ́n gbé igbá omi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ta ni wọ́n fọ̀?